Ta Ni Yóò Tún Dùùrù Náà Ṣe?

Odò Ọya tí àwọn ará Jẹ́bà ń wò lójoojúmọ́ ti kọ́kọ́ ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú Niamey kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí omi náà ti so wá pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òwò pẹ̀lú so wá pọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger yìí, tí wọ́n ń tajà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Niamey lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ni à ń sọ. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. Ohun tí a fẹ́ sọ kò sì ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: nígbà tí ohun èlò tí a fi owó gọbọi rà láti òkè òkun bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Àpẹẹrẹ tí a mú ni dùùrù alápótí ńlá tí à ń pè ní píánò. A mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì béèrè pé, nínú gbogbo ìṣòro tí ó wà nílẹ̀, ṣé ti dùùrù ni ó kù? A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Píánò ni a yàn nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí ohun èlò tí ó tètè ń tú àṣírí ẹni tí ó ni ín bí òun. Bí a kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ń ṣe ni ó ń bàjẹ́ níbi tí ó dúró sí. Ó ń bàjẹ́ ní Èkó nítorí omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń bàjẹ́ ní Niamey nítorí àìsí omi náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè kan ti ń tọ́jú ohun tí ó ní, kí ó wọ inú gbọ̀ngàn rẹ̀, kí ó ṣí ìdérí píánò tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì tẹ ẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ọ̀nà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Orílẹ̀-èdè Niger kò ní etíkun. Ní ayé àwọn Faransé, Kùtọnu ni ọ̀pọ̀ ẹrù tí ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Ní ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin a gbé e rin 438 kìlómítà dé Parakou, níbi tí ojú irin parí sí. Ọkọ̀ akẹ́rù a gbà á níbẹ̀, a gbé e gba Kandi kọjá dé Malanville, a sọdá Odò Ọya sí Gaya, a sì gba Dosso wọ Niamey. Gbogbo rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan. Igi tí a fi ṣe píánò náà hù ní ilẹ̀ olótùútù. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní Paris tàbí ní Berlin tàbí ní Lọ́ndọ̀nù. Ó mu afẹ́fẹ́ òkun nínú ọkọ̀ ojú omi, ó mu ọ̀rinrin etíkun ní Kùtọnu, lẹ́yìn èyí ni ó wá bọ́ sínú ọyẹ́.

Ẹni tí ó bá ti gbé Niamey mọ ohun tí ọyẹ́ ń jẹ́. Ọyẹ́ ti Ìbàdàn a máa la ètè ènìyàn. Ọyẹ́ ti Niamey a máa la igi. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kò ju nǹkan bí 500 sí 600 mìlímítà lọ, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rọ̀ tán. Ní oṣù kejì ọdún, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ dé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ, ó lè gòkè kọjá ìdá 70. Àwọn tí ń ṣe píánò sì ti kìlọ̀ pé kí ọ̀rinrin yàrá tí a bá gbé e sí má ṣe jìnnà sí àárín ìdá 40 sí ìdá 60, kí ó má sì máa lọ sókè sódò. Ẹ ò rí i pé, yálà ìgbà òjò ni o, yálà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, dùùrù náà kò sinmi.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú àpótí náà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tí kò rí inú rẹ̀ rí. Àwọn ègé funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀, tí a ó máa pè ní eyín, jẹ́ 88. Bí a bá tẹ eyín kan, òòlù kékeré tí a fi irun àgùntàn wé lórí a fò sókè, a lu okùn irin, a sì tètè padà kí ohùn náà lè dún geere. Okùn wọ̀nyí tó nǹkan bí 230. Ọ̀pọ̀ eyín ni ó ní okùn mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tí ohùn wọn wúwo ní méjì tàbí ẹyọ kan, a sì fi wáyà bàbà wé e kí ó lè nípọn. Gbogbo okùn náà ni a fà le gbọingbọin, tó bẹ́ẹ̀ tí àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa férémù irin inú píánò fi ń tó 18 sí 20 tọ́ọ̀nù, bí ẹni pé ọ̀pọ̀ erin ń fà á pọ̀. Lẹ́yìn okùn náà ni pátákó ìró wà, èyí tí a fi igi spruce pẹlẹbẹ ṣe, tí ó ń gba ohùn tí ó sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ìdí okùn kọ̀ọ̀kan ni èèkàn irin tí a gún sínú pákó líle.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, pátákó ìró a sún kì. Bí ó ti ń sún kì ni okùn ń dẹ̀, tí ohùn sì ń lọ sílẹ̀. Pákó tí ó di èèkàn mú pẹ̀lú a gbẹ, ihò rẹ̀ a fẹ̀, èèkàn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, pátákó ìró a là, lẹ́ẹ̀ a sì jọ̀wọ́ igi. Ní etíkun, ìdàkejì èyí ni à ń rí: okùn a dógùn-ún, eyín a wú, bí a bá tẹ ẹ́ kò ní gòkè mọ́, kòkòrò a sì máa jẹ irun àgùntàn orí òòlù. Àwọn tí ń ṣe píánò ní ayé àwọn amúnisìn mọ èyí dáadáa, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìdè idẹ àti skrúù ti àwọn tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ olóoru, tí wọn kò fi lẹ́ẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún un. Wọ́n wá ọgbọ́n sí apótí tí wọ́n ń tà. Ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn títà ni wọn kò ṣètò fún.

Iṣẹ́ ẹni náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Irin ẹlẹ́nu méjì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá lù ú, a gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Lọ́ndọ̀nù ní 1939 fi ẹnu kò lé lórí. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fi sípánà rẹ̀ yí èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí okùn méjì kò bá tíì bá ara wọn mu tán, ohùn wọn a máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí òtútù ń mú. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ara wọn ni ìgbọ̀n náà ń falẹ̀, títí yóò fi dákẹ́. Etí ni ó fi ń ka ìgbọ̀n yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò yóò fẹ́ràn èyí tí ó tẹ̀lé e: bí ó bá tún gbogbo àlàfo ohùn márùn-ún márùn-ún ṣe ní pípé pérépéré, nígbà tí ó bá fi yí ohùn méjìlá po, ìparí rẹ̀ kò ní bá ìbẹ̀rẹ̀ mu. Nítorí náà ó ní láti dín díẹ̀ kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìyà náà lè kárí, kí gbogbo wọn sì lè máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo òòlù, tí yóò fi abẹ́rẹ́ gún irun tí ó bá ti le jù, tí yóò sì tún ibi tí eyín ti ń há ṣe. Ọjọ́ kan kò tó láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọdún ni à ń kà.

Ẹ kò sì gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ àwọn tí wọn kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe píánò ní ayé, Bartolomeo Cristofori, ọmọ ìlú Padua ní ilẹ̀ Ítálì, alátùn-únṣe ni. Ní 1688 ni ọmọ ọba kan nínú ìdílé Medici ní Florence gbà á sí iṣẹ́ pé kí ó máa tọ́jú àwọn ohun èlò orin ààfin, kí ó máa tún ohùn wọn ṣe, kí ó sì máa ṣe tuntun. Láti ibi tí ó ti ń tú ohun tí ó bàjẹ́ palẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú wọn, nígbà tí ó sì fi máa di 1700, ó ti ṣe dùùrù tí ó ń fi òòlù lu okùn, tí ó lè ké jẹ́jẹ́, tí ó sì lè ké kíkan, bí ìka bá ti tẹ̀ ẹ́. Mẹ́ta nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà títí di òní: ti 1720 wà ní New York, ti 1722 wà ní Róòmù, ti 1726 sì wà ní Leipzig. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fojú tín-ín-rín alátùn-únṣe, ẹni tí ìbá ṣe tuntun fún un lọ́la ni ó ń lé dànù.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ lé e. Ní Paris, Sébastien Érard ṣe ọgbọ́n kan ní 1821 tí ó mú kí òòlù lè tún okùn lù kí eyín tó padà sókè tán. Ilé iṣẹ́ Pleyel ti wà níbẹ̀ láti 1807. Ní Boston, Alpheus Babcock da férémù irin ní odindi ní 1825. Ọdún kan náà, 1853, ni Steinway bẹ̀rẹ̀ ní New York, tí Bechstein bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, tí Blüthner sì bẹ̀rẹ̀ ní Leipzig. Ilẹ̀ Japan kò tíì máa ṣe píánò nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 1887 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Torakusu Yamaha tún dùùrù ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó bàjẹ́ ṣe ní ìlú Hamamatsu. Bí ó ti ń tún un ṣe ni ó rí i pé òun náà lè ṣe é, ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ṣe píánò àkọ́kọ́ ní 1900. Ohun tí ó bàjẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ni ó sọ Japan di ọ̀gá nínú òwò yìí. Ilé iṣẹ́ Pleyel sì ti pa ilẹ̀kùn ibi tí ó ti ń ṣe píánò nítòsí Paris dé ní 2013.

Níbo ni Áfíríkà wà nínú ìtàn yìí? Abẹ́ ìka ni a wà. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, eyín erin ni wọ́n fi ń bo àwọn eyín funfun orí píánò, igi dúdú tí à ń pè ní ẹ́bónì ni wọ́n sì fi ń ṣe àwọn eyín dúdú. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ivoryton nítorí eyín erin tí wọ́n ń là níbẹ̀ fún píánò. Láti Zanzibar ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń lọ, orí àwọn ẹrú àti àwọn alárùú ni ó sì gbà dé etíkun. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ike rọ́pò rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ayé sì fi ẹnu kò ní 1989 pé kí òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè dópin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé kò sí ohun tí ó kan ọmọ Áfíríkà pẹ̀lú píánò kò mọ ìtàn. A fún un ní eyín, a fún un ní igi, a sì fún un ní èjìká tí ó rù wọ́n. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni a kò gbà.

Ẹ wo ohun tí Niamey fúnra rẹ̀ ti ṣe ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1959, kí Niger tó gba òmìnira, ni wọ́n ṣí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama lónìí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò kàn kó ohun àtijọ́ sínú àpótí onígíláàsì kí àlejò máa wò ó. Wọ́n kó àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ahunṣọ, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn tí ń rọ fàdákà sínú ọgbà kan náà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Ohun èlò orin ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú yìí kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ orin wà, tí wọ́n fi sọ orí El Hadj Taya. Ní 2013, àjọ UNESCO fi imzad, gòjé àwọn obìnrin Tuareg, sínú ìwé àwọn ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní orúkọ Algeria, Mali àti Niger. Igbá ni a fi ṣe é, pẹ̀lú awọ ẹran àti irun ìrù ẹṣin. Bí ọyẹ́ bá fa awọ rẹ̀ ya ní aṣálẹ̀, kò sí ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí Paris. Wọn a pa ewúrẹ́, wọn a sá awọ, wọn a sì tún un bò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti yí padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Gòjé tí ń ké nínú orin sákárà kì í ṣe ohun tí Odùduwà gbé wá. Láti ìhà àríwá, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn bí ti Niger yìí, ni ó ti wá bá wa. Síbẹ̀, nígbà tí Yusuf Olatunji ń kọrin ní Abẹ́òkúta, ta ni ó sọ pé orin àjèjì ni? Kí ni ó sọ gòjé di tiwa? Kì í ṣe rírà tí a rà á. Ọjọ́ tí ọmọ wa mọ igbá tí ó yẹ fún un, tí ó mọ bí a ti ń de irun ẹṣin, tí ó sì lè tún un ṣe bí ó bá já lóru ọjọ́ ìnáwó, ọjọ́ náà ni gòjé di ọmọ ilé. Àyàn kò rán dùndún rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó rí. Ó mọ igi ọ̀mọ̀ tí a fi ń gbẹ́ ẹ, ó mọ awọ tí ó yẹ, ó mọ bí a ti ń fa ọṣán, bí òjò bá sì mú kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó mọ bí a ti ń yá a nínú oòrùn. Ẹni tí ń lu ìlù àti ẹni tí ń tún ìlù ṣe kì í jìnnà sí ara wọn nínú ilé Àyàn.

Pẹ̀lú píánò, a ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, a sì fi ìdajì sílẹ̀. A ní àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dé góńgó. Ní 1922, àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ndọ̀nù, òun tìkára rẹ̀ ni ó sì ń tẹ píánò sí i. Ọmọ rẹ̀, I. O. Ransome-Kuti, ààrẹ àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, jẹ́ olórin bákan náà. T. K. E. Phillips kọ́ Fela Sowande ní kàtídírà ti Èkó. Ayo Bankole àti Akin Euba tẹ̀ lé wọn, Euba sì fi yé ayé pé a lè tẹ píánò bí ẹni ń lu ìlù Áfíríkà, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ìlù wa ti ń sọ̀rọ̀. Orúkọ wọn kì yóò parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: orúkọ ta ni ẹ mọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tún píánò wọn ṣe? Àwọn díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà ní Èkó lónìí, a sì kí wọn kú iṣẹ́ takuntakun. Wọ́n kéré jù fún orílẹ̀-èdè tí ó tóbi tó tiwa, kò sì sí ìlànà kan gbòógì tí a fi ń tọ́ àwọn ọmọ tí yóò rọ́pò wọn.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò fi dá wa lóhùn. Èkíní ni pé òtòṣì ni ilẹ̀ Niger, oúnjẹ ni ó yẹ kí ó wá, kì í ṣe dùùrù. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fa omi nínú kànga, katakata inú oko, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, àìsàn kan náà ni ó ń pa gbogbo wọn: a rà wọ́n, a kò rà ọgbọ́n títún wọn ṣe mọ́ wọn. Bí a bá jẹ́ òtòṣì, a kúkú ní ìdí púpọ̀ ju olówó lọ láti tọ́jú ohun tí a ní. Èkejì ni pé dùùrù oníná ti dé, tí kò bìkítà fún ọyẹ́ tàbí òjò. A kò kórìíra rẹ̀. Ó ti ran ọ̀pọ̀ ìjọ àti ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá jó, ààtàn ni à ń gbé e lọ, a ó sì tún sanwó fún òmíràn, nígbà tí píánò tí a tọ́jú dáadáa lè gba ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, kí ó sì tún dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn olùfẹ́ ilẹ̀ wọn tí yóò sọ pé ohun òyìnbó ni, ẹ jẹ́ kó kú. Àwọn wọ̀nyí ni a bọ̀wọ̀ fún jùlọ, nítorí ìfẹ́ òmìnira ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ní 2023, ilẹ̀ Niger pa orin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kọ láti 1961 tì, nítorí Faransé ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Faransé ni ó sì ṣe ohùn rẹ̀. Wọ́n fi tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ní 2024, Nàìjíríà ní tirẹ̀ padà sí orin 1960, èyí tí àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì kọ. Ẹnikẹ́ni lè mú ìhà tí ó bá wù ú nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwa rí ohun kan tí ó jinlẹ̀ ju orin lọ. A lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu padà láàárín ọjọ́ kan nípa ìwé òfin. Ọgbọ́n ọwọ́ kò ṣeé fi òfin dá sílẹ̀. Kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ. Títí a ó fi kọ́ ọ, òmìnira wa kò tíì kọjá orí ahọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ní Kinshasa, ẹgbẹ́ olórin ńlá ti ìjọ Kimbangu bẹ̀rẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun èlò. Nígbà tí okùn bá já tí kò sì sí òmíràn láti rà, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ díẹ̀ nínú àwọn dùùrù ọlọ́run ńlá wọn fúnra wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Paris, nígbà tí ọdún 1800 sí 1900 ń lọ lọ́wọ́, Claude Montal, tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré, fi píánò àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ yìí. Àwọn tí ó ríran kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1836 ó tẹ ìwé jáde lórí bí ènìyàn ti lè tún ohùn píánò rẹ̀ ṣe, níkẹyìn ó di ẹni tí ń ṣe píánò tà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di ọ̀nà oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ afọ́jú ní Yúróòpù. Àwa pẹ̀lú ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Ti Pacelli ní Sùúrùlérè ti wà láti 1962. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí yóò gbé afọ́jú kúrò ní ẹgbẹ́ títì, ẹ ronú lórí èyí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń béèrè, a sì ń béèrè wọn ní Niamey àti ní Èkó pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ tí ó bá fẹ́ ra píánò má ṣe rà á láìya owó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a sì máa tún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán, nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá gbilẹ̀. Èkejì, kí ilé ẹ̀kọ́ orin El Hadj Taya ní Niamey, àti MUSON ní Oníkan, àti àwọn yunifásítì wa tí ń kọ́ni ní orin, ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ títún ohun èlò ṣe, gẹ́gẹ́ bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Niamey ti fi oníṣẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Píánò tí ó ti yadi kò gbọdọ̀ di igi ìdáná. Kí a fi í ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a rán ọ̀dọ́ mélòó kan lọ kọ́ ọ yanjú. Ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ilé ẹ̀kọ́ wà tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ́ Niger gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé wọn yóò padà wá kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ó bá kọ́ ọ tán wá ẹ̀kọ́ tí kò sí ní Le Mans, ìyẹn ni bí a ti ń tọ́jú igi nínú ọyẹ́ tiwa àti nínú òjò tiwa. Ìmọ̀ yẹn, àwa ni yóò kọ ìwé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Bí píánò àtijọ́ kan bá wà ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ yín, tí ikán kò tíì jẹ ẹ́ tán, ẹ má ṣe tì í pa. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa. Ẹ ṣí i fún àwọn ọmọ, kí wọ́n rí òòlù, kí wọ́n rí okùn, kí wọ́n mọ ìdí tí okùn gígùn fi ń dún wúwo tí kúkúrú sì fi ń dún tín-ín-rín. Nínú ogójì ọmọ tí yóò wò ó, ọ̀kan lè wà tí kò ní fẹ́ lọ sílé mọ́, tí yóò máa béèrè pé kí ni ó fà á tí èyí kò fi dún. Ọmọ náà ni à ń wá. Ẹ má ṣe nà án pé ó tú nǹkan ilé ẹ̀kọ́ palẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá sì wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń dàgbà ní Niamey, kí àwọn òbí rẹ̀ má ṣe rò pé ọjà nìkan ni ọ̀nà là.

Orílẹ̀-èdè tí ń ra ohun gbogbo tí kò sì lè tún ohunkóhun ṣe, ayálégbé ni ó jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ọyẹ́ yóò tún dé ní Niamey ní òpin ọdún yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dé lọ́dọọdún. Okùn yóò dẹ̀, igi yóò sún kì, ohùn yóò sì wálẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá, tí ẹnìkan sì tún béèrè ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tí kò sí ọmọ wa kan tí yóò dìde pé èmi ni, ẹ̀bi tiwa ni yóò jẹ́.